Kànga Síwájú, Sókàwéè Sẹ́yìn: Iṣẹ́ Tó Yẹ Kí Káńsù Ṣe

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi téèpù wọn ilẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń tà fún wa ní Ìbàdàn, ní Ọ̀tà àti ní Ìkòròdú sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 120 ní gígùn. Ìyẹn tó nǹkan bíi mítà 18 lọ́nà 36. Àwọn tí owó wọn kò ká odindi ń ra àbọ̀, ìyẹn 60 lọ́nà 60. Lórí ilẹ̀ yìí kan náà la ti ń gbẹ́ kànga tàbí bọhóòlù, nítorí omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ náà la ti ń gbẹ́ sókàwéè, nítorí kò sí páìpù ìlú tó ń kó ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò nínú ilé. Ìlànà tí àwọn aṣèrànwọ́ ń lò káàkiri àgbáyé ní kí mítà 30 ó kéré tán wà láàárín kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ àti orísun omi, kí ìsàlẹ̀ kòtò náà sì fi mítà kan àbọ̀ ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ dé. Lórí àbọ̀ púlọ́ọ̀tì, bí ẹ bá gbé kànga sí igun kan, tí ẹ gbé sókàwéè sí igun tó jìnnà sí i jù lọ, mítà 26 péré lẹ máa rí láàárín wọn. Ilé kò tíì sí níbẹ̀ o.

Ẹni tó ra odindi lè gbìyànjú. Ó lè gbé kànga síwájú lẹ́bàá géètì, kó gbé sókàwéè sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò tí wọ́n jọ fẹ̀yìn kọra bá ti gbẹ́ kànga tirẹ̀ sẹ́yìnkùlé, mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò wà láàárín sókàwéè ẹni àkọ́kọ́ àti omi tí àwọn ọmọ ẹnì kejì ń mu. Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ẹnìkejì rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Oníkálùkù ń ṣe bó ṣe wù ú lórí ilẹ̀ tó fi owó òógùn rẹ̀ rà, fẹ́ǹsì sì ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ẹnìkejì ń ṣe.

Ibi tí èrò mi ti wá nìyí. Onílé kan ṣoṣo kò lè tún ọ̀rọ̀ omi àti ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe nínú ọgbà tirẹ̀, bó ti wù kó ní ìmọ́tótó tó. Gómìnà náà kò lè jókòó sí sẹkitéríàtì kó mọ ibi tí kànga èmi àti sókàwéè aládùúgbò mi wà. Ẹni tó lè rí ẹ̀yìnkùlé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ló yẹ kí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Káńsù ni.

Ẹ̀yìn Ìbàdàn ni mò ń gbé, ládùúgbò tó jẹ́ oko kòkó kí àwọn ọmọ onílẹ̀ tó gé e tà. Nígbà tí Bàbá Ìbejì tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ ilé tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ sókàwéè rẹ̀ sí ìdí fẹ́ǹsì, ní òdìkejì ibi tí kànga wa wà gan-an. Mo yọjú sí i. Mo ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, kànga wa ló wà níbí yìí." Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mo rí i. Ṣùgbọ́n ibo ni kí n gbé e sí? Ẹ wo iwájú, kànga tèmi ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, bọhóòlù Alhaji ni. Ibi tí a dúró sí yìí nìkan ló ṣẹ́ kù." Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Òótọ́ ló sọ, n kò sì rí èsì kankan fún un.

Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán, ìsàlẹ̀ kòtò náà gbẹ, inú àwọn òṣìṣẹ́ sì dùn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo wa fi ń kọ́lé, nítorí òjò kì í jẹ́ kí iṣẹ́ bírílà lọ déédéé. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án, omi kànga ládùúgbò wa ti máa ń gòkè débi pé okùn kékeré lo máa fi fà á. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ gbígbẹ ní oṣù Kejì á ti wà nínú omi kan náà tí à ń fà. Mítà kan àbọ̀ tí ìlànà sọ ti pòórá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọn jíjìn kòtò dáadáa, ìgbà òjò ló yẹ kó wọ̀n ọ́n, ẹni tó mọ àdúgbò dunjú ló sì lè mọ èyí. Àwọn olùwádìí ti yẹ omi kànga wò ní Ìbàdàn léraléra, wọ́n sì ń bá kòkòrò inú ìgbẹ́ nínú rẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé káńsù. (N kò ní dárúkọ èyí tó jẹ́, nítorí mo gbà pé ohun kan náà ni ǹ bá bá ní ọ̀pọ̀ nínú wọn.) Wọ́n ní kí n lọ sí ẹ̀ka ìmọ́tótó. Ìyá kan tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì ló dá mi lóhùn, ó sì fi sùúrù gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Ìyá wa, ọ̀rọ̀ omi, ti ìpínlẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n máa gbẹ́ sókàwéè sí, inú pálàànù ilé ló wà, ti ìpínlẹ̀ náà ni. Tiwa ni kó má kún bo ojú títì." Ó ní nígbà tí òun wọ iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ni àwọn ọ̀gá òun ń gùn, kò sì sí ọgbà tí wọn kì í wọ̀. Ó ní ní báyìí, bí òun bá kan géètì ẹlòmíràn, ajá ni wọ́n ń tú sílẹ̀.

Àwọn tó dàgbà nínú wa rántí wolé-wolé. Aṣọ kakí, ṣòkòtò péńpé, ìwé lábẹ́ abíyá. Bí àwọn ọmọdé bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á sáré wọ agbo ilé láti ta àwọn àgbà lólobó, àwọn ìyá á sì máa da omi tó ti pẹ́ nínú àmù nù. Ìdí àmù ni wolé-wolé máa ń gbà lọ tààrà. Á ṣí ìdérí, á tẹjú mọ́ omi. Bó bá rí tanwíjí tó ń jó nínú rẹ̀, ìwé sọ́mọ́ọ̀nù dé nìyẹn, ó di kóòtù. Láti ibẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Á wo ṣalángá, á wo ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà, á wo ẹnu kànga bóyá wọ́n bò ó. Ẹnì kan náà ló ń wo omi tí a ń mu àti ibi tí a ń yàgbẹ́ sí, láàárín wákàtí kan náà, nínú agbo ilé kan náà.

Dókítà Isaac Ládipọ̀ Olúwọlé wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ gidi. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di igbákejì ọ̀gá ètò ìlera ìlú Èkó, ní 1924, ọdún tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn ní Èkó. Títí di 1930 ni wọ́n fi bá àrùn náà jà. Òun náà ló dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí àwọn wolé-wolé láti oríṣiríṣi apá ilẹ̀ Nàìjíríà ti wá kọ́ṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀ ni kí wọ́n má dúró de aláìsàn ní ọsibítù, kí wọ́n lọ bá àrùn nílé tó ń gbé. N kò gbàgbé pé amúnisìn ló ni agbára tí wọ́n ń lò nígbà náà, àti pé ẹlòmíràn nínú wọn fi ìwé sọ́mọ́ọ̀nù jẹun. Àwọn ìyá wa bẹ̀rù wọn, kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pa ẹ̀rù yẹn rẹ́, a pa iṣẹ́ náà rẹ́ mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tó ń ṣí ìdérí mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń sọ pé ayé àtijọ́ dára. Ní Èkó, agbépòó ló ń gbé ìgbẹ́ ìlú lóru, inú ọ̀sà ni wọ́n sì ń dà á sí. Nígbà tí agbépòó lọ, ọkọ̀ táńkà gba iṣẹ́ rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn táńkà náà sì ń da ẹrù wọn sínú ọ̀sà kan náà ní Ìddó. Àwọn ibi tí wọ́n fi páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi FESTAC, kò pọ̀ rárá. Ní oṣù Kẹfà 2024, nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Erékùṣù Èkó, Eti-Ọ̀sà, Kòsọ́fẹ́ àti Ìkòròdú wà lára ibi tó ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ìgbẹ́ ẹnì kan tó dé ẹnu ẹlòmíràn, nínú omi tàbí oúnjẹ, ló sábà máa ń fa onígbáméjì.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sínú Àfikún Kẹrin rẹ̀. Ojú ewé kan àbọ̀ péré ni, ó sì dára kí gbogbo wa kà á. Itẹ́ òkú wà níbẹ̀. Ilé ẹran, ọjà àti gáréèjì wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọpọ́n àti ọmọlanke wà níbẹ̀, káńsù ni yóò fún wọn ní láísẹ́ńsì. Gọ́tà ojú pópó wà níbẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, kíkó ìgbọ̀nsẹ̀ àti kíkó pàǹtírí wà níbẹ̀. Mo wá omi mímu láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí i. Omi tí orísun rẹ̀ bá kan ju ìpínlẹ̀ kan lọ, tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá ti kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Èyí tó kù bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti àjọ omi wọn. Ọ̀rọ̀ pálàànù ilé náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ní 2003 pé ti ìpínlẹ̀ ni. Ìyá tó dá mi lóhùn ní káńsù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni àṣẹ lórí sókàwéè Bàbá Ìbejì bó bá kún kọ́ ló ni àṣẹ lórí kànga mi, bẹ́ẹ̀ mítà díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ilẹ̀kùn kan wà tí wọn kò tì. Abala 7 nínú ìwé òfin náà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò fi òfin fún káńsù ní iṣẹ́, pé àwọn tó wà nínú Àfikún Kẹrin gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Kò ní wọn kò gbọdọ̀ fi òmíràn kún un. Bí àwọn aṣòfin ní Àgódi tàbí ní Aláùsá bá fẹ́, wọ́n lè gbé àṣẹ lórí kànga àti bọhóòlù adúgbò fún káńsù láìyí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìwé òfin àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lórí rédíò nípa òmìnira ìjọba ìbílẹ̀, owó ló dá lé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ pé gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti di owó káńsù mú, pé tààrà ni kí owó máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, inú mi sì dùn fún gbogbo wọn. Àmọ́ kí ni káńsù fẹ́ fi owó náà ṣe nípa omi, nígbà tí òfin kò tíì sọ pé omi kàn án?

Àwọn kan á ní kí ìpínlẹ̀ máa bá a lọ, pé àwọn ló ní onímọ̀ ẹ̀rọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀ lórí dáàmù. Káńsù kankan kò lè dá bójú tó Aṣèjìrẹ́, tí wọ́n ṣí ní 1972, tàbí Ẹlẹ́yẹlé tó ti wà láti 1942. Odò Ọ̀ṣun tó ń wọ Aṣèjìrẹ́ ń kọjá láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò sì ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ju Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò mu omi Aṣèjìrẹ́. Omi ẹ̀yìnkùlé là ń mu, kò sì sí onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní ìpínlẹ̀ tó mọ iye ihò tí a ti dá sí ilẹ̀ ládùúgbò wa. Nígbà tí Alhaji gbẹ́ bọhóòlù rẹ̀ jìn, kànga àwọn ẹni méjì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ní oṣù Kìíní. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Ní etí òkun Èkó lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ jù, omi iyọ̀ ti ń wọ bọhóòlù. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣọ́ omi tí a kò mọ ẹni tó ń fà á àti ibi tó ti ń fà á.

Mo tún rò ó dé orí Ògùnpa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980, òjò rọ̀ sí Ìbàdàn, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Àwọn ènìyàn ti kọ́lé sójú ọ̀nà omi, wọ́n sì ti da pàǹtírí kún odò náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn, ó tún pa ènìyàn tó lé ní 100. Gọ́tà wà nínú Àfikún Kẹrin, iṣẹ́ káńsù ni láìsí àríyànjiyàn. Àṣẹ orí ìwé tí kò ní òṣìṣẹ́, tí kò ní ọkọ̀, tí kò ní kóòtù lẹ́yìn kò lè dá omi dúró. Nítorí náà kì í ṣe pé kí a kàn gbé àṣẹ fún káńsù ni mò ń sọ.

Ìlú tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù lórí èyí ni Cape Town, ní Gúúsù Áfíríkà. Ìwé òfin wọn ti 1996 kọ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sínú àfikún bíi tiwa, àmọ́ nínú tiwọn, omi mímu, omi ìdọ̀tí inú ilé àti ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Wọn kò ya wọ́n. Nígbà tí ọ̀dá dé, tí òjò kò rọ̀ dáadáa láti 2015 sí 2017, káńsù ìlú ló kojú rẹ̀. Wọ́n kéde ọjọ́ kan tí wọ́n pè ní Day Zero, ọjọ́ tí omi dáàmù bá dín sí ìdá 13.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n máa ti ẹ̀rọ omi ilé pa, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa lọ tò fún lítà 25 lójúmọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2018, lítà 50 lójúmọ́ ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má kọjá. Ilé tó bá ń lo omi ní ìlò àpà, wọ́n á fi ẹ̀rọ kan sí ẹnu páìpù rẹ̀ tó máa ń dá omi dúró bó bá ti pé lítà 350 lójúmọ́. Wọ́n gbé àwòrán ìlú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àmì aláwọ̀ ewé sí ilé tí kò lo omi ju bó ṣe yẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, ìlú náà ń lo nǹkan bíi bílíọ̀nù 1.2 lítà lójúmọ́. Ní 2018, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 500. Òjò dé láàárín ọdún yẹn, Day Zero kò sì dé.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òfin kan tí àwọn oníròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà. Ẹni tó bá ní bọhóòlù tàbí kànga ní Cape Town gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù, kó sì gbé pátákó síta kí ará àdúgbò mọ̀ pé omi abẹ́ ilẹ̀ ni ilé yẹn ń lò. Inú fẹ́ǹsì rẹ̀ ni kànga náà wà, owó rẹ̀ ló fi gbẹ́ ẹ, síbẹ̀ ìlú mọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn o. Àwọn tálákà ní àdúgbò bíi Khayelitsha ti ń ráhùn nípa ẹ̀rọ tó ń dá omi dúró tipẹ́tipẹ́ kí ọ̀dá tó dé. Wọ́n ní àwọn tó ń gbé púpọ̀ nínú ilé kan ni ẹ̀rọ náà ń fìyà jẹ, wọ́n sì jàre. Ìdílé ènìyàn mẹ́wàá kò lè lo iye omi kan náà pẹ̀lú tọkọtìyàwó tí wọ́n jẹ́ ẹni méjì péré. Káńsù tó bá fẹ́ ṣe irú èyí níbí gbọ́dọ̀ ka orí kó tó ka lítà.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ilé wa níbí. Gbogbo wa rántí ìmọ́tótó Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn. Bí o bá jáde kó tó di aago mẹ́wàá, wọ́n á mú ọ. Ní oṣù Kọkànlá 2016, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá ẹni kan tí wọ́n bu owó ìtanràn lé nítorí pé ó jáde lọ́jọ́ ìmọ́tótó láre. Ilé ẹjọ́ ní kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ tó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, tó sì dárúkọ ìyà rẹ̀, ìwé òfin wa sì sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ohun tí òfin kò kọ sílẹ̀. Láìpẹ́ sígbà náà, Èkó fòpin sí dídá àwọn ènìyàn dúró. Inú àwọn kan bàjẹ́, wọ́n ní ìdọ̀tí á borí ìlú. Èmi gbà pé ilé ẹjọ́ ṣe ohun tó dára fún ìmọ́tótó fúnra rẹ̀. Ó sọ fún ìjọba pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ òfin, kí wọ́n jẹ́ kí ará ìlú kà á, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìtanràn.

Bí àwọn kàńsẹ́lọ̀ wa bá jókòó láti kọ irú òfin bẹ́ẹ̀, ohun tí mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ kò le. Kí gbogbo kànga àti bọhóòlù tuntun wà níwájú ilé, kí gbogbo sókàwéè wà lẹ́yìn, ní gbogbo òpópónà láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ tún fi téèpù wọ̀n ọ́n. Lórí púlọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 120, bí ilé iwájú, ilé ẹ̀yìn àti ilé ẹ̀gbẹ́ bá tẹ̀ lé e, sókàwéè á kojú sókàwéè, kànga á kojú kànga, nǹkan bíi mítà 30 yẹn á sì wà láìsí pé ẹnikẹ́ni ra ilẹ̀ kún ilẹ̀. Owó kò pọ̀ nínú ìyẹn, pé kí gbogbo ènìyàn gbà láti ṣe ohun kan náà ló gbà. Lórí àbọ̀ púlọ́ọ̀tì, kò ṣeé ṣe, òfin sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ ní bọhóòlù kan ní ibi tó dára, kí oníkálùkù má dá gbẹ́ tirẹ̀. Èyí á dín ihò tí à ń lu sí ilẹ̀ kù, omi á sì pẹ́ kó tó gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wolé-wolé wá wo kòtò ní oṣù Kẹsàn-án kó tó fọwọ́ sí i. Kí ó ní ìwé ìdánimọ̀, kó ní àkókò tó máa ń wá, kí owó ìtanràn lọ sí báńkì, kó má kan ọwọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá aláta nínú ọjà, tí ìwé rìsíìtì wọn pọ̀ ju iṣẹ́ wọn lọ, ṣé àwọn náà la fẹ́ ṣí géètì wa fún? Ìbẹ̀rù yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, tí wọ́n ní kí ará ìlú san owó rẹ̀, Èkó yarí. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdìpẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà láti ta ko owó omi. Àwọn ará Èkó ní kànga àwọn tó àwọn, pé àwọn òyìnbó ni omi ẹ̀rọ náà máa wúlò fún. Ẹni bá ka ìtàn yìí lè pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Èmi kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn kò ní aṣojú tí wọ́n dìbò yàn níbi tí wọ́n ti pinnu owó náà. Kàńsẹ́lọ̀ wa, a mọ ilé rẹ̀. Omi kan náà ni àwa àti òun jọ ń mu, ó sì tún ń bọ̀ wá tọrọ ìbò. Kò dà bíi gómìnà tí a ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Mo ti sọ fún Bàbá Ìbejì, ó sì gbọ́. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ inú kòtò rẹ̀ nípọn, a sì jọ gbà pé kí wọ́n máa fà á kó tó kún. Èmi náà ń fi klorín sí omi wa, mo sì ń sè é. Ìyẹn ni àwa méjèèjì lè ṣe. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní ìkangun òpópónà kò tíì mọ̀ wá, kò sì sí ìwé òfin kan tí a lè fi hàn án.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán òpópónà wa sórí káádíbọ́ọ̀dù ńlá kan. Ilé sí ilé, a fi bírò aláwọ̀ búlúù sàmì sí kànga àti bọhóòlù, a fi pupa sí sókàwéè. Nígbà tí a tẹ́ ẹ sórí tábìlì nínú ìpàdé, àwọn kan dìde láti wo ilé tiwọn, wọ́n sì dákẹ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ni a fẹ́ so mọ́ ọn, láti gbé e fún kàńsẹ́lọ̀ wa àti fún aṣòfin tó ń ṣojú wa ní Àgódi. Ọ̀pọ̀ ti fọwọ́ sí i, Bàbá Ìbejì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Alhaji kò tíì fọwọ́ sí i. Ó ní kí a kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé náà gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ torí àwòrán yìí bu owó orí tuntun lé ẹni tó ní bọhóòlù. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti fi kún un, ní ìpínrọ̀ kejì, a sì máa gbé e padà lọ bá a lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.